Ànàgó: Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Wá ní Remblais

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án ló bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ aṣọ kan ní Koumassi Remblais. Oníbàárà kan ti ná ọjà títí, ó ti sanwó, ó sì ń lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Tantie Anango, ó di ọ̀la o!" Ọmọ náà gbójú sókè. "Màámi, ṣé Ànàgó ni wá ni, àbí Yorùbá?" Owó ni ìyá rẹ̀ ń kà. Kò tilẹ̀ gbórí sókè tó fi dá a lóhùn pé, "Ará Èjìgbò ni wá," ó sì ń bá owó kíkà rẹ̀ lọ.

Ìdáhùn tó péye ni fún ẹni tó mọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò tíì dé Èjìgbò rí. Orúkọ tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni Ànàgó: nílé ìwé, nínú ọkọ̀, lẹ́nu àwọn tó wá ra aṣọ. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ó sì yẹ kí ẹnì kan jókòó tì í. Ta ni Ànàgó? Ta ló kọ́kọ́ pe ta bẹ́ẹ̀? Báwo ni orúkọ àwọn èèyàn díẹ̀ ní ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà ṣe di orúkọ tí wọ́n fi ń pe oníṣọ̀ọ́bù ní Àbíjàn?

Àdúgbò tí ọmọ náà ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an kún fún ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Koumassi jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó para pọ̀ jẹ́ ìlú Àbíjàn. Gúúsù ọ̀sà Ébrié ló wà, lórí erékùṣù Petit-Bassam, òun pẹ̀lú Treichville àti Marcory. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, bí òjò ńlá bá sì rọ̀, omi a máa dúró sójú pópó. Iyẹ̀pẹ̀ tí a rù wá dà sí ibi tó rẹlẹ̀, kí ilẹ̀ lè ga tó ilé kíkọ́, ni àwọn Faransé ń pè ní remblai. Nítorí náà, ilẹ̀ àtọwọ́dá ni orúkọ àdúgbò náà ń wí.

Ẹni tó bá ń ti Remblais lọ sí Grand Carrefour, níbi òpópónà Valéry Giscard d'Estaing, woro-woro ni yóò wọ̀: takisí tí èrò mẹ́rin jọ ń wọ̀, tí olúkúlùkù ń san tirẹ̀. Èdè Júlà ló ni orúkọ yẹn. Mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní wɔɔrɔ. Nínú ìṣirò owó wọn, faranki márùn-ún jẹ́ ẹyọ kan, nítorí náà mẹ́fà túmọ̀ sí ọgbọ̀n faranki. Ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ni owó ọkọ̀ nígbà kan rí. Owó yẹn ti di ìtàn tipẹ́, orúkọ náà kò kúrò lára ọkọ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni etí àwa Yorùbá. Bí a bá gbọ́ woro-woro, wóró ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: wóró ẹ̀wà, wóró àgbàdo, èrò tí awakọ̀ ń ṣà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà bí ẹni ń ṣa wóró. Àlàyé náà dùn, ó sì bá ojú mu, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ sí Ànàgó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ní Remblais lónìí. Ahọ́n ibẹ̀ a máa fi ohùn imú sí i, Anango, àwọn mìíràn a sì gé orí rẹ̀ kúrù sí Nago. Bí o bá bi Baoulé tàbí Júlà pé ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Yorùbá láti Nàìjíríà ni yóò kọ́kọ́ wí. Ṣùgbọ́n ìlò ọ̀rọ̀ gbòòrò ju ìdáhùn ẹnu lọ. Obìnrin tó wá láti Pobè, tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Benin ló mú dání, Ànàgó ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí Koumassi, tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, Ànàgó ni. Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe Yorùbá rárá ń bá wọn bọ́ sínú agbo náà, bó fẹ́ bó kọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìlò kan tún wà tí kò ka ẹ̀yà sí mọ́. Bí ẹnì kan bá ní kí o lọ wá nǹkan ní ìsọ̀ Ànàgó, kò sí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà kéékèèké, ibẹ̀ ni a ti lè ná ọjà, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aládùúgbò wa níbẹ̀, Júlà, rin ọ̀nà yìí kan náà, ṣùgbọ́n òdìkejì ni òun ti wọlé. Oníṣòwò ni jula nínú èdè Mande. Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kì í ṣe ẹ̀yà. Àwọn oníṣòwò yẹn rìn, wọ́n dá ọjà sílẹ̀, wọ́n kó Ìsìláàmù dání, títí orúkọ iṣẹ́ wọn fi di orúkọ èdè tí gbogbo ọjà Àbíjàn ń sọ, tó sì di orúkọ tí wọ́n fi ń pe èèyàn láti àríwá. Iṣẹ́ di ènìyàn. Ti Ànàgó, ènìyàn ló ń di iṣẹ́. Nígbà tí Júlà àti Ànàgó bá jókòó ti ara wọn ní ọjà Koumassi, orúkọ méjèèjì ti pàdé ní agbedeméjì.

Níbo wá ni Ànàgó ti bẹ̀rẹ̀? Kò jìnnà. Ní Ìpókíá àti Ìfọ̀nyìn, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Ìtàkété lódìkejì ààlà, ìyẹn ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Sakété, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé Ànàgó ni orúkọ wọn gan-an. Wọn kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Ẹ̀gbá ṣe ń jẹ́ Ẹ̀gbá tí Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ṣe ń jẹ́ Ànàgó, ẹ̀ka èdè wọn sì dá yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá dìde láti ilẹ̀ Fọ̀n tó kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ kàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé Fọ̀n mú orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó fi bo gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Anagonu ni èèyàn, anagogbe ni èdè. Ìjọba Dàhòmì, ìyẹn ìjọba àwọn Fọ̀n, kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, Ẹ̀gbá sì lé e padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1886 ó run Kétu. Ẹ̀gbá kì í ṣe ará Ìpókíá, ọ̀nà Kétu sì jìn sí Ìfọ̀nyìn, ṣùgbọ́n Nago ni gbogbo wọn lẹ́nu Fọ̀n. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ wá lórúkọ yìí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, yàrá tó kọ́kọ́ rí ló fi pe gbogbo agbo ilé. Irú rẹ̀ pọ̀ láyé. Àwọn Faransé ń pe Jámánì ní Allemagne títí dòní nítorí ẹ̀yà kan ṣoṣo, Alamanni, tó bá wọn pààlà ní ayé àtijọ́.

Àlàyé mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń fi ìbínú sọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní èébú ni Nago. Wọ́n ní nígbà tí ogun ń lé àwọn Yorùbá wọ ilẹ̀ Fọ̀n, ebi ti pa wọ́n, aṣọ ti gbó sí wọn lọ́rùn, iná orí ti bò wọ́n, ni Fọ̀n fi sọ wọ́n lórúkọ tó túmọ̀ sí ẹlẹ́gbin. Àlàyé yìí ti wọ inú ìwé pàápàá. Mo mọ ìdí tó fi ń dun èèyàn, mi ò sì gbà á gbọ́. Ogun tí wọ́n ń sọ, ìyẹn èyí tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé tó sì tú ilẹ̀ ká, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló jà. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀rúndún tó ṣáájú rẹ̀, àwọn ará Faransé tó ni oko ìrèké ní Saint-Domingue ti ń kọ Nago sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà àwọn ẹrú tí wọ́n rà. Ìṣọ̀tẹ̀ tó sọ ibẹ̀ di Haiti bẹ̀rẹ̀ ní 1791. Orúkọ ti sọdá òkun kí ogun tí wọ́n ní ó bí i tó bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni yóò gba èébú ọ̀tá kó fi ṣe orúkọ ìlú rẹ̀, kó sì máa fi í ṣe oríkì? Ará Ìpókíá ń fi Ànàgó yangàn. Ó ṣeé ṣe kí Fọ̀n ti fi orúkọ náà bú èèyàn; orúkọ ẹ̀yà wo ni a kò tíì fi bú èèyàn rí? Ṣùgbọ́n èébú wá lẹ́yìn ni, kì í ṣe òun ló bí orúkọ.

Wóró inú woro-woro náà ló tún jáde yìí. Bí etí bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìdílé rẹ̀, a wá ìdílé fún un. Àwa náà ti ṣe é fún ìmàle. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ pé "ìmọ̀ líle" ni, ẹ̀sìn tó le kọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé Mali ló wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò Mande láti ìhà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn náà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìbátan àwọn wọ̀nyẹn ni Júlà tó ń bá wa tajà ní Koumassi. A ti mọ̀ wọ́n kí a tó dé Àbíjàn. Orúkọ ilẹ̀ wọn wà lẹ́nu wa nígbàkigbà tí a bá pe mùsùlùmí ní ìmàle.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì, Ànàgó àti ìmàle, jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ní Salvador, ní Bahia ilẹ̀ Bràsíl, ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà dìde sí ìjọba. Nagô ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ tí wọ́n sì fi ń pe ìdìde náà títí dòní ni ti àwọn Malê, ìyẹn ìmàle. Nagô kò kú ní Bràsíl; orúkọ ilé òrìṣà ni, orúkọ èdè orin òrìṣà sì ni. Ní Haiti, "orílẹ̀" ni Nago jẹ́ nínú ẹ̀sìn ibẹ̀, Ògún sì ni balógun rẹ̀.

Ní Kúbà, orúkọ mìíràn ló borí: Lucumí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé "olùkù mi" ni, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn tó ń jẹ́ Olùkùmi ṣì wà ní Ugbodu, ní Ìpínlẹ̀ Delta, títí dòní, ìyẹn sì mú kí n gba àlàyé yìí ju ọ̀pọ̀ àlàyé mìíràn lọ. Nígbà tí Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ará Kúbà, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Havana ní 1957, ó kó mẹ́ta nínú orúkọ wa sí èèpo ìwé kan ṣoṣo: Anagó ni orí rẹ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ Lucumí ni ó pè é, ó sì ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kúbà ni.

Ẹni tó bá wá ń rò pé Yorùbá ni orúkọ tòótọ́, tí Ànàgó jẹ́ àpèjẹ́, ó yẹ kó rántí pé Yorùbá náà, lẹ́nu àlejò ni ó ti gbòòrò. Ahmad Baba, onímọ̀ Timbuktu, kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá ní 1615. Ọ̀yọ́ ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, orúkọ tó ti gbọ́ ní Sókótó ló kọ sílẹ̀. Ìjẹ̀bú kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Èkìtì kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀, Aku ni gbogbo ènìyàn ń pe àwọn èèyàn wa, nítorí kò sí ohun tí wọn kì í kí: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ìkíni wa di orúkọ wa. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló fi Yorùbá sí orí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1843, àwọn míṣọ́nnárì sì tẹ̀ lé e. Kò tẹ́ Koelle, míṣọ́nnárì tó ń kọ èdè sílẹ̀ ní Freetown, lọ́rùn. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1854, ó ta kò ó pé orúkọ apá kan kò yẹ kó bo gbogbo Aku. Ìjà tí à bá bá Fọ̀n jà nítorí Nago gan-an nìyẹn. Yorùbá borí nítorí pé ó rí ìwé, ó rí Bíbélì, ó rí ilé ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, òun ni mo ń jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ́ tiwa ju Ànàgó lọ.

Báwo ni Ànàgó ṣe wá dé Àbíjàn? Ọ̀nà méjì ni mo rí. Èkíní gba Dàhòmì, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin báyìí. Abẹ́ ìjọba amúnisìn kan náà ni Dàhòmì àti Côte d'Ivoire wà, Nago sì ni àwọn aláṣẹ Faransé ń kọ sínú ìwé ní Dàhòmì. Nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú Côte d'Ivoire kúrò ní Bingerville wá sí Àbíjàn ní 1934, ìlú tuntun náà nílò akọ̀wé, ó nílò oníṣòwò, àwọn ará Dàhòmì tó kàwé sì wá gan-an. Wọ́n pọ̀ débi pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, àwọn ọmọ onílẹ̀ dìde sí àwọn àti àwọn ará Tógò, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílùú. Wọ́n lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó wá kò bá wọn lọ. Ọ̀nà kejì gba Gánà, nítorí Akan tó wà lẹ́bàá ààlà Gánà àti Côte d'Ivoire mọ Anago. Mo rò pé ọ̀nà méjèèjì ló pàdé, pé èyí tó ti ìlà-oòrùn gba etíkun wá bá èyí tó wà nínú ìwé ìjọba.

Nígbà tí àwọn ará Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ìníṣà wá ń dé lọ́pọ̀lọpọ̀, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Èjìgbò ló ṣe èyí ju gbogbo ìlú lọ. Ìdílé kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn, a sì ń gbọ́ Faransé ní ọjà wọn bí a ṣe ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orúkọ. Ẹni tó wá ṣòwò kì í dúró ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín Ìfọ̀nyìn àti Ìwó fún oníbàárà.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé orúkọ tí gbogbo Koumassi mọ̀ yìí kò ní àyè nínú ìwé ìjọba. Akan, Krou, Mande àríwá, Mande gúúsù àti Gur ni wọ́n pín àwọn ọmọ onílẹ̀ sí. Ìkànìyàn ọdún 2014 kọ ọ́ pé 24.2% àwọn tó ń gbé Côte d'Ivoire ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi kà wọ́n. Ìyá tó wá láti Èjìgbò bọ́ sábẹ́ Nàìjíríà, aládùúgbò rẹ̀ láti Pobè bọ́ sábẹ́ Benin, ẹ̀gbọ́n kan tó ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ èdè kan náà lójú títì kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo tó kó wọn jọ ni èyí tí oníbàárà fi ń kí wọn.

Kí á má sì ṣe bí ẹni pé àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní Èkó, Àgànyìn ni a ń pe ẹni tó wá láti Tógò àti ìhà Benin, a kì í béèrè bóyá Éwé ni tàbí Ègùn. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sè, pẹ̀lú ata dúdú rẹ̀ tó ń dán, ti sọ orúkọ wọn di orúkọ oúnjẹ. Èèyàn a jẹ Àgànyìn láàárọ̀ láìrántí pé ẹni tó ń gbé Àgànyìn jẹ́ ìyá ẹnì kan. Ní Gánà ẹ̀wẹ̀, Aláta ni wọ́n ń pè wá. Àwọn kan ní ata tí a ń tà ló fà á, àwọn kan ní Allada ni, ìlú àwọn ọba tó wà ní Benin. Ọṣẹ dúdú wa, alata samina ni lẹ́nu wọn.

Ọmọbìnrin yẹn yóò lọ sílé lọ́jọ́ kan, bí ọlidé bá dé tí owó ọkọ̀ bá sì pé. Bọ́ọ̀sì yóò gbé òun àti ìyá rẹ̀ ní Àbíjàn pẹ̀lú ẹrù tí ó ga bí òkè, wọn yóò kọjá Aboisso, wọn yóò dé ẹnubodè Noé, Ànàgó ni wọ́n títí ibẹ̀. Wọn yóò sọdá sí Elubo, wọn yóò gba Takoradi àti Akra kọjá, ẹnì kan yóò sì pè wọ́n ní Aláta níbi tí wọ́n ti ń ra omi. Ní Lomé wọn yóò tún di Anago. Ní Kutọnu, Nago ni. Ní Sèmè, ọlọ́pàá ààlà yóò wo ìwé wọn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n níbẹ̀. Wọn yóò gba Àgbádárìgì wọlé, wọn yóò kọjá Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bá sì dé Èjìgbò, tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn ọmọdé àdúgbò yóò sáré síta, wọn yóò máa pariwo pé, "Ará Àbíjàn ti dé o! Ará Àbíjàn ti dé!"